Ẹ lẹ òfin rósítà mọ́ pátákó

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín kan ní kò yẹ kí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà pín àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù, nítorí pé ẹ̀rọ kò mojú ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo ti wà nídìí rósítà rí, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́, ibi tó ti máa ṣe é àti ìgbà tó máa ṣe é, mo sì mọ̀ pé ẹni tó mojú ènìyàn jù ló ń ṣojúsàájú jù: ẹni tó bá lè pariwo kì í ṣiṣẹ́ òru lọ́jọ́ ọdún.

Ìṣirò ibẹ̀ pàápàá ju agbára ẹnì kan lọ. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gba ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ti ọmọdé, ti aboyún àti ti pàjáwìrì kọjá. Wọ́ọ̀dù kankan kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò gbọ́dọ̀ tún wọlé láàárọ̀. Ẹ fi ìsinmi àti ìdánwò kún un, kí àìsàn ẹnì kan ṣoṣo wá da gbogbo rẹ̀ rú.

Àmọ́ ohun tí wọ́n bá kọ sínú ẹ̀rọ ló máa ṣe. Ẹ wo òfin tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti 2003: dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, tí wọ́n bá pín in dọ́gba lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ẹnì kan ṣe wákàtí 100 lọ́sẹ̀ kìíní, 100 lọ́sẹ̀ kejì, kó wá ṣe 60 àti 60, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 320. Ẹ̀rọ á ní kò sí òfin tó dàrú. Ara ẹni tó ti ṣe wákàtí 200 láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá á sọ tirẹ̀.

Yàtọ̀ sí òfin tí kò ṣeé rú, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ̀rọ kàn máa gbìyànjú láti ṣe: kí òru má pọ̀ jù fún ẹnì kan, kí ẹni tó tọrọ ìsinmi rí i gbà. Ẹnìkan ló ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ní máàkì, bó ṣe ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí pàtàkì tó, èyí tí máàkì rẹ̀ bá kéré sì ni ẹ̀rọ á kọ́kọ́ yááfì. Ta ni ẹni yẹn? Bí àwọn tí wọ́n ń pín kiri kò bá mọ̀ ọ́n, ojúsàájú àtijọ́ ló kàn wọ inú ẹ̀rọ lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè bá a jà.

Kí ilé ìwòsàn lẹ máàkì wọ̀nyẹn mọ́ pátákó tí wọ́n ń lẹ rósítà mọ́. Kí ẹ̀rọ máa ka òru àti ọjọ́ ọdún tí kálukú ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, àlàfo tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ̀rọ dí, kó má da ti gbogbo ayé rú. Ẹlòmíràn ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó lórí ohun tó rí nínú rósítà. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn pààrọ̀ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan náà. Lójú ẹ̀rọ, dókítà méjì ni dókítà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ni àwọn méjèèjì dé. Àfi kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹnì kan tó ti mọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan.

Dókítà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín