Orin Ló Ń Ṣaájú Níbí

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ooru Kánò fẹ́ pa wá níbí, ṣùgbọ́n a ò kú.

O bi mí pé kí ló dé tí èmi tí mò ń kọ orin fún eré Hausa ní Kánò níbí ò kó lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí àwọn elére Yorùbá pọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ owó ni, jàre. Lọ́dọ̀ tiwa Yorùbá, ìgbà tí wọ́n bá ya eré tán, tí wọ́n gé e, tí wọ́n tò ó pọ̀, ni wọ́n tó ń rántí akọrin. Òṣèré ti gba tiẹ̀, oníkámẹ́rà ti gba tiẹ̀, ó wá ku "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ṣe é, ẹ ó gbà á níbi èyí tó ń bọ̀." Orin ọ̀hún náà, ìtàn ni wọ́n á ní kí o máa tú. Ọlọ́pàá ò tíì dé ìdí òkú, akọrin ti dárúkọ ẹni tó pa á! (Má rẹ́rìn-ín, ìwọ náà ti kọ irú ẹ̀ rí.)

Sinimá Íńdíà ti wọ àwọn ará ibí lára tipẹ́, ìdí nìyẹn tí orin àti ijó fi pọ̀ nínú eré Hausa. Orin gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà, torí ẹ̀rọ ni wọ́n á fi gbé e sókè, tí òṣèré á máa fi ẹnu bá a lọ. Bí mi ò bá gbowó, kí ni wọ́n fẹ́ jó sí? Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ eré wò, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò dá sílẹ̀ ní 2001 lẹ́yìn tí Ṣàríà wọlé, ò sì gbà kí ọkùnrin àti obìnrin máa dì mọ́ra. Wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan á dá, èkejì á gbè. Gbogbo ìfẹ́ yẹn, ẹnu orin ló ń gbà jáde.

Níjẹta, a wà ní sítúdíò kan ní Zoo Road, àdúgbò tí àwọn onísinimá Hausa pọ̀ sí ní Kánò, fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. A pa fáànù kí ariwo ẹ̀ má bàa wọ máíkì. Òógùn bo ọmọbìnrin tó ń kọrin, ó ní èémí òun ò gbé ìparí ìlà kẹta. Mo gé ọ̀rọ̀ méjì kúrò, orin sì dùn sí i. Hausa tí mo gbọ́ ní Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò ní Kánò, láti kékeré ló ń ṣe mí lóore.

Ní báyìí, èmi náà ń ṣe eré tèmi, Yorùbá ni, pọ́ọ́kú: ilé kan, àgbàlá kan, òṣèré márùn-ún. YouTube la ó gbé e sí. Mi ò ra ìlù orin tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ (bíìtì) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí bí ẹlòmíràn bá ti forúkọ ìlù yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ YouTube, òun ló lè máa gba owó eré mi. Orin ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo fi í sínú fóònù àwọn òṣèré, kí kálukú máa gbọ́ ọ kó tó há ọ̀rọ̀ sórí. Orin tèmi kò tú àṣírí ìtàn kankan o!

Ègbè ló kù, ohùn rẹ ni mo sì fẹ́. Orin náà ti wà lórí WhatsApp rẹ. Dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún, kí ohùn má bàa ta padà, kí o gbè é lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ ná. Èmi kì í jẹ akọrin lówó.

Èmi ni tìrẹ,
Àrẹ̀mú