Dọ́gba kọ́ ni ẹ̀tọ́ o, Àṣàkẹ́

Àṣàkẹ́ mi, ṣé dáadáa lo wà? Àbúrò ẹ ńkọ́? Mo fẹ́ pè ẹ́ lánàá àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tá a máa sọ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ni mo bá ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp kó o fara balẹ̀ kà á.

20,000 tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ní Kàdúná ni. O ní o pín in sí méjì ọgbọọgba, 10,000 10,000, o ní "Mọ́mì mi ò ṣègbè o, ẹ̀tọ́ ni mo ṣe." Lóòótọ́ o ò ṣègbè, mo yìn ẹ́, ẹ̀gbọ́n míì á ti mú 15,000. Àmọ́ dọ́gba lo ṣe.

Igi tí ò bá wọ́, a ní ó tọ́. Ohun tó yẹ kó kàn ẹ́, a ní ó tọ́ sí ẹ. Ṣó o rí "sí" yẹn? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó tọ́ sí. Ẹni tó ń pín in dọ́gba, owó ló ń wò, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ á gbójú sókè wo àwọn tó fẹ́ pín in fún. Ìwọ ń gba owó oṣù, àbúrò ẹ ò níṣẹ́, owó WAEC ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ibi tí dọ́gba ti jẹ́ ẹ̀tọ́ náà wà o, bí òṣùwọ̀n ọjà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ìrẹsì ní Kubwa l'Ábújá níbí, mo ra múdù kan, ohun tá à ń pè ní kóńgò nílé, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú, inú ẹ̀ wú sókè bí ìdí ìgò. Tó o bá rọ ìrẹsì sí i á ga gègèrè, ojú á ní ó kún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tajà kí baba Hausa kan tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wò mí, ó ní "babu adalci," ìyẹn ni pé kò sí ẹ̀tọ́ ńbẹ̀. Inú Lárúbáwá ni Hausa ti mú adalci yẹn. Súrà 83 nínú Kùránì, Al-Mutaffifin, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ló ń bá wí, mo sì ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ara mi gbọ̀n. Múdù yẹn ni mo fi ń bu omi fún adìyẹ títí dòní.

Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀, mi ò sọ bí ẹ ṣe máa pín in. Mi ò sì tíì gbọ́ tẹnu àbúrò ẹ, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, torí náà ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ pè mí lọ́la lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Tí tìẹ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, jọ̀ọ́, má tíì ná an.

Èmi ìyá ẹ ni.