Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́

Àbúrò mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ Fúráìdè kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní bí o bá ti bi àwọn ọmọ Pírámárì 5 rẹ ní ìbéèrè, kíláàsì á pa lọ́lọ́, kálukú á dorí kodò. O ní ọmọkùnrin tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ò tíì la ẹnu rí láti ìgbà tí o ti débẹ̀, pé olódo ni. Jọ̀ọ́, má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi náà ti pe ọmọ kan bẹ́ẹ̀ rí, ó ń dùn mí dòní.

Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọbìnrin kan pé kí ló ń mú kí aṣọ tí a sá gbẹ. Ó dìde, ó di etí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ mú, ó ń ká a mọ́ ìka. Kò fọhùn. Mo ní kó wà lóòró títí agogo fi lù, mo sì pè é ní olódo lójú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde ṣeré, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ ti da omi sára, ó ń wá ibi tí yóò sá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí. "Má sá a síbẹ̀ yẹn, kò sí atẹ́gùn níbẹ̀. Oòrùn nìkan kọ́ ló ń gbẹ aṣọ, atẹ́gùn ló ń gbé omi ara ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ gbalaja, má ṣẹ́ ẹ po." Èmi olùkọ́ ò ṣàlàyé ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo dúró sídìí fèrèsé, ojú ń tì mí.

Rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí Màmá bá ní, "Ta ló da omi yìí sílẹ̀?", ṣé èsì ló ń wá? Ìbáwí ni. Ẹni tó bá fèsì, wọ́n á ní ó ń gbó àgbà lẹ́nu. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló jókòó síwájú rẹ. Ìwọ ń béèrè ọ̀rọ̀, òun ń gbọ́ ìbáwí. Ṣùgbọ́n pe "Ààlọ́ o!" sí wọn lálẹ́, kí o wá wo bí wọn yóò ṣe máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ń na ọmọ tó bá ṣi àlọ́ já.

"Ṣé ó yé yín?" tí gbogbo wọn ń fi "Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" dá lóhùn, má jẹ́ kó tàn ọ́. Ìdákẹ́ náà ni, ariwo ló bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún 6. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà, bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn sáwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ń sanwó ìtanràn ni. Èmi ni mò ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀kọ́, gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí wọ́n gbà sórí téèpù. Bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni wọ́n ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3, ìdáhùn gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Tìrẹ á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ náà á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á fi Yorùbá rò ó, á tún wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi dá ọ lóhùn.

Tó bá di Mọ́ńdè, jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Béèrè, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ka ení, èjì títí dé ẹẹ́wàá nínú ara rẹ kí o tó pe ẹnikẹ́ni. Tó bá dalẹ́, pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.