Lẹ́tà sí Àjọkẹ́

Òṣogbo

Àjọkẹ́ mi,

O kú òtútù Jámánì. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò ò jẹ́ ká gbádùn níbí, ẹrẹ̀ Ìgbọ̀nà ti gba bàtà mi kan.

O ní báwo ni mo ṣe ra máṣíìnì ìránṣọ oníná tí mo ti ń pariwo ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó wá wọlé láàárín oṣù mẹ́jọ. Ìtìjú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Oníbàárà mi kan wá gba aṣọ ẹbí láàárọ̀ Sátidé. Mo ti sọ fún un lóru pé ó ku bọ́tìnì. Bùbá wà lórí tábìlì, kò lápá. Kò bú mi o. Ó gbé e sókè, ó wò mí láti ojú ihò apá, ó ká a sínú nálọ́ọ̀nù, ó lọ. Kí ni mo ń ṣe lóru? Mo ń wo àwọn télọ̀ mìíràn tó ń ránṣọ lórí fóònù!

Láti ọjọ́ Mọ́ńdé, fóònù ń wọ inú ike oúnjẹ mi, ike ń di ọ̀dọ̀ ìyá tó ń lọ ata nítòsí. Wọn kì í fún mi kó tó di aago méjìlá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń wá a lápò bí ahọ́n ṣe ń wá eyín tó yọ.

O mọ̀ pé n kì í dá àjọ, owó ńlá ni mo máa ń retí. Ìyá àgbà, aláró, ló bi mí bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làwọn ń ri aṣọ tó fi ń dú. Aṣọ á jáde nínú ìkòkò bí ewé tútù, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, á máa di aró lójú ẹni, wọ́n á tún rì í. Ni mo bá ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lójúmọ́. Ti ọjọ́ kan lóṣù, alájọ ló ni ín. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Owó aṣọ Iléyá ni mo fi kún un.

Jíjí ní aago mẹ́rin tí gbogbo ayé ń yìn, mo dán an wò. Apá òsì méjì ni mo gé fún bùbá kan ṣoṣo. Mo padà sùn.

Oníbàárà ọjọ́sí ò tíì padà wá. Mo pàdé ẹ̀ ní oríta Ọláìyá, a kíra wa. Ẹlòmíràn ló rán bùbá tó wọ̀. Èjìká ẹ̀ ò jókòó.

Fi ìwọ̀n àwọn ọmọ ránṣẹ́ kí wọ́n tó tún ga.

Èmi ni,
Télọ̀ rẹ