Ìpàdé Sátidé: ohun tí ojú wa rí nílé ìwé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ la ó pàdé nílé alága ní Òkè-Àdó. Owó àjọ̀dún kọ́ la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyà tó kọjá ìbáwí, àti ìṣekúṣe tí àwọn àgbà kan fi àwọn kan nínú wa ṣe nílé ìwé Kátólíìkì tí a gbé, ni.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹnìkan nínú wa tó ti ní ọmọ-ọmọ sọ fún mi pé bí òun bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lóru, àyà òun ṣì ń já. Àtijọ́ wo nìyẹn?

Ní Ireland, ìgbìmọ̀ ìwádìí gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2009: ó ní irú ìṣekúṣe yìí gbilẹ̀ nínú àwọn ilé ọmọkùnrin tí àwọn ẹgbẹ́ Kátólíìkì ń darí. Ní Kánádà, Póòpù Francis fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lóṣù Keje 2022 fún ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ nílé ìwé tí ìjọ darí. Òfin tó ṣe ní 2019 sì pàṣẹ pé kí àlùfáà tàbí sísítà tó bá gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ fi tó aláṣẹ ìjọ létí. Nítorí náà, a ní ẹni tí a lè kọ̀wé sí.

Kò sí ẹni tí a ó fipá mú sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ tiẹ̀ sílẹ̀, kó lẹ àpòòwé rẹ̀ pa. N kò ní ṣí i láìgbàṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp ẹgbẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìbàdàn