Àdùkẹ́, jọ̀ọ́ má láminéètì Bíbélì bàbá mi

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti gbọ́ voice note ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ torí ariwo bọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ẹ̀. O ṣeun tó o ní tó o bá dé ní December wàá bá wa gbé Bíbélì bàbá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń láminéètì, kí ewé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí gbogbo wa sí má bàa já tán. Inú mi dùn pé o rántí. Ṣùgbọ́n rárá o, mi ò fẹ́. Má sì rò pé ọjọ́ ogbó ló ń jẹ́ kí n ṣagídí, ó nídìí, jókòó kí n sọ ọ́ fún ẹ, ó máa gùn díẹ̀.

Èmi gan-an ni mo ba ewé yẹn jẹ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan rí. Ní 1986, lẹ́yìn tá a sin bàbá mi, mo rí i pé ewé yẹn ti ya láàárín, mo bá sáré ra sẹ́lótéèpù, mo lẹ̀ ẹ́ níwájú mo lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, mo tiẹ̀ ń yin ara mi. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí téèpù yẹn fi pọ́n bí epo, gọ́ọ̀mù ẹ̀ wọnú pépà, mo ní kí n rọra ṣí i, ló bá bá íńkì lọ. Ọjọ́ ìbí Mọ́mì Ìkòròdú ló bá a lọ yẹn o. Òun ló fà á tí wọ́n fi ń bá Dádì Ìbàdàn jà lọ́dọọdún, ọ̀kan ní 1955 ni wọ́n bí wọn, ìkejì ní 1957 ni, èmi á kàn máa wo ilẹ̀ bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, àfìgbà tí mo wá kà pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńláńlá náà ti ṣe irú ẹ̀ sí ohun tó ju Bíbélì bàbá mi lọ. O ṣì máa rántí àkájọ ìwé Òkun Òkú, àwọn ìwé àfọwọ́kọ àwọn Júù àtijọ́, tí mo máa ń kọ́ yín ní CRK. Ní 1947, ọmọ darandaran kan lára àwọn Bedouin sọ òkúta sínú ihò àpáta ní Kúmúránì, létí Òkun Òkú, ló bá gbọ́ tí ìkòkò fọ́. Inú àwọn ìkòkò amọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìwé, wọ́n fi aṣọ ọ̀gbọ̀ wé òmíì. Wò ó, tó o bá ka Jeremáyà 32:14, Ọlọ́run sọ fún un pé kó fi ìwé ilẹ̀ tó rà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà kó tó yé mi pé ìmọ̀ràn bá a ṣe ń tọ́jú pépà ni.

Àkájọ Àìsáyà tó wà níbẹ̀ gùn ju mítà méje lọ, awọ ẹran mẹ́tàdínlógún ni wọ́n rán pọ̀, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ihò yẹn gbẹ, ó sì ṣókùnkùn, kò sí ikán, kò sí òjò bíi tiwa, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àwa èèyàn tá a nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ la fẹ́ẹ̀ bà á jẹ́! Ní nǹkan bí 1950-sí-nǹkan, nínú músíọ̀mù kan ní Jerúsálẹ́mù, àwọn tó ń to àjákù wọ̀nyẹn pọ̀ ṣí wíńdò kí oòrùn lè wọlé, wọ́n ń mu sìgá lórí ẹ̀, sẹ́lótéèpù ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí tèmi gẹ́lẹ́. Gọ́ọ̀mù wọnú awọ, awọ dúdú, lẹ́tà ò ṣeé kà mọ́ ní ibòmíì. Láti 1991 ni wọ́n ti dá yàrá ìtọ́jú kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa yọ téèpù yẹn, díẹ̀díẹ̀, ewé kan tẹ̀ lé òmíì, àjákù sì tó bíi 25,000. Àìsáyà yẹn pàápàá, nígbà tí wọ́n ṣí ilé tí wọ́n kọ́ fún un ní 1965, wọ́n tẹ́ ẹ yí òpó ńlá kan ká kí gbogbo ayé lè rí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, wọ́n sáré gbé e kúrò, wọ́n fi ẹ̀dà ẹ̀ rọ́pò.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ní òfin kan báyìí: ohun tí ẹlòmíì ò ní lè tú lọ́la, má ṣe é lónìí. Láminéètì ò sì ṣeé tú, ọmọ mi. Iná ló fi ń yọ́ rọ́bà mọ́ pépà. Tó bá ti wọ̀ ọ́, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Nǹkan kejì tó o sọ, pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín ní wọ́n ti yí Bíbélì padà, tó o sì dákẹ́ torí o ò mọ ohun tó o máa sọ. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ìyàtọ̀ wà nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sinaiticus, tó wà ní British Library, èdè Gíríìkì ni, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ìhìn rere Máàkù inú ẹ̀ parí sí orí 16 ẹsẹ 8. Èyí túmọ̀ sí pé ibi tí pásítọ̀ wa fẹ́ràn jù, ibi ejò àti májèlé yẹn, kò sí níbẹ̀ rárá. Àtúnṣe tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe sínú ìwé kan yẹn sì tó bíi 23,000. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àyà mi já, mi ò lè jẹun alẹ́ dáadáa. Ìgbà tí mo wá ṣí ewé bàbá mi ni ọkàn mi balẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n kọ Thursday sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n kọ Friday? Ìlà yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bàbá mi padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fẹ́ tanni jẹ ò ní fi àtúnṣe sílẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó. Àìsáyà tí wọ́n rí nínú ihò náà, ó fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣàgbà èyí táwọn èèyàn ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi wé ara wọn, sípẹ́lì yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ kan wọlé níbí, òmíì jáde lọ́hùn-ún, bíi orí 53 ẹsẹ 11 tó ní "yóò rí ìmọ́lẹ̀", ṣùgbọ́n Àìsáyà kan náà ni. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni yẹn, má jà. Tó o bá sì ráyè, ya John Rylands Library ní Deansgate, Manchester yín níbẹ̀ yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Àjákù Jòhánù kan wà lọ́wọ́ wọn tó fi díẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ, ibi tí Pílátù ti ń fọ̀rọ̀ wá Jésù lẹ́nu wò, ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ni wọ́n sábà máa ń sọ pé wọ́n kọ ọ́. Bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n gbé e síta fún wíwò lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan kan tún kù. Dádì Ìbàdàn fẹ́ yá Bíbélì náà, wọ́n ní àwọn máa dá a padà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n ní 1859, ọ̀gbẹ́ni Tischendorf, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, yá Sinaiticus yìí lọ́wọ́ àwọn mọ́ǹkì Òkè Sínáì, ó kọ̀wé sílẹ̀ fún wọn pé tí wọ́n bá ti béèrè òun á dá a padà. Rọ́ṣíà ló gbé e lọ, nígbà tó di 1933 ìjọba Soviet tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 100,000 pọ́ùn. Àwọn mọ́ǹkì ò tíì dákẹ́ títí dòní. Nítorí náà, fọ́tò ni Dádì Ìbàdàn máa gbà, gbogbo ewé pátá, fóònù ẹ yẹn á yà á dáadáa. Àwọn Júù Aleppo ní Síríà ò jẹ́ kí wọ́n ya gbogbo Bíbélì Hébérù tiwọn ní fọ́tò, inú àpótí irin ni wọ́n tì í mọ́, wọ́n jó sínágọ́gù wọn ní 1947, ewé tó kù ò pé 300 nínú bí 490, Òfin Mósè ló lọ jù, fọ́tò ewé díẹ̀ péré la sì lè padà wò.

Torí náà tó o bá ń bọ̀, àpótí pépà líle ni kó o bá mi rà, èyí tí wọ́n ń fi tọ́jú ìwé àtijọ́, tí kò ní ásíìdì. Mo ti wọn Bíbélì náà: 24 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 17 ní fífẹ̀, 6 ní nínípọn, jẹ́ kí ààyè díẹ̀ wà. Má ra èyí tó ń rùn bíi rọ́bà. Aṣọ funfun tí màá fi wé e ti wà nílẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́ láìfi sítáàṣì sí i.

Ọ̀rọ̀ téèpù yẹn, fi sínú ná. Èmi ni màá fẹnu ara mi sọ fún Mọ́mì Ìkòròdú tá a bá jókòó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù Kérésì.

Ìyá ẹ,
Abẹ́òkúta