Àdùkẹ́ mi, má bá àwọn ará Air Force yẹn ṣọ̀tá

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday ṣì wà lọ́kàn mi, pé hẹlikọ́pítà Army tẹ́ ẹ ń tún ṣe wà nílẹ̀ kò lè fò, pátì, ìyẹn ẹ̀yà ara ẹ̀ tó nílò, sì wà ní sítọ̀ àwọn Air Force tí ẹ jọ wà ní bárékè kan náà, wọ́n ní fọ́ọ̀mù Army tẹ́ ẹ mú wá kì í ṣe irú tiwọn, lo bá ní o ò ní kí ìkankan nínú wọn mọ́. Inú bí èmi náà. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba pẹ́ n'Ìbàdàn, mo mọ bí fáìlì ṣe ń sùn lórí tábìlì. Àmọ́ ti àìkíni yẹn, jọ̀ọ́ ọmọ mi, mú un kúrò lọ́kàn.

Wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ lọ kó àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì wọn tí wọ́n há mọ́ Tehran ní Iran jáde, April 1980, ayé Jimmy Carter. Hẹlikọ́pítà 8 ló gbéra lórí ọkọ̀ ogun Nimitz. Navy ló ni hẹlikọ́pítà, àwọn Marines, ọmọ ogun orí omi wọn tó tún ń jà lórí ilẹ̀, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wà á, Air Force ló gbé epo wá nínú ọkọ̀ òfuurufú C-130, àwọn Delta Force, ọmọ ogun àkànṣe ti Army, ló fẹ́ wọlé lọ jà. Wọ́n ti fi oṣù mélòó kan múra o, kálukú lọ́tọ̀, àmọ́ nítorí àṣírí, gbogbo wọn ò jọ ṣe é pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin rí.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ mọ̀ pé irú eruku kan lè dìde lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí àwọn àti páílọ́ọ̀tì jókòó sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹlòmíì ni ìwé ń gbà kọjá. Ìgbà tí wọ́n wọnú eruku yẹn lóru, wọn ò rí ara wọn mọ́. Ọ̀kan ti balẹ̀ sí aṣálẹ̀ ṣáájú nítorí iná ìkìlọ̀ tó sọ pé bíléèdì, abẹ́ tó ń yí lórí ẹ̀, lè ti sán. Òmíì yí padà lọ sórí ọkọ̀ ogun Nimitz, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ mọ́ kedere níbi tí wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún un torí wọ́n ní kí rédíò dákẹ́, òun fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé tóun bá mọ̀ ni, òun ìbá máa bá ìrìn náà lọ. Ẹ̀kẹta dé pẹ̀lú háídírọ́líìkì, ohun tó ń fi agbára òróró darí ẹ̀, tó ti bàjẹ́. 6 ni wọ́n nílò, 5 ló kù, wọ́n ní ó parí. Bí wọ́n ṣe ń múra àtipadà, hẹlikọ́pítà kan rọ́ lu C-130, iná sọ, èèyàn 8 kú, Air Force 5, Marines 3.

Ìgbìmọ̀ Admiral Holloway tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ẹni tó ń pàṣẹ ò yé gbogbo èèyàn tó wà nínú òkùnkùn àti ariwo yẹn. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ hẹlikọ́pítà 160th ti Army Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Fort Campbell, tó sì di 1986, Kọ́ńgíréèsì, ilé aṣòfin wọn, ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ di jẹ́nẹ́rà gbọ́dọ̀ ti bá àwọn ẹ̀ka yòókù ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá kan ò fẹ́ ẹ rárá, Navy pàápàá bá a jà. Mo dúpẹ́ pé wọ́n ṣe é.

Nítorí náà, padà lọ bá ọmọkùnrin sítọ̀ yẹn. Kí i. Ní kó fi fọ́ọ̀mù tiwọn hàn ẹ́, kó o mọ̀ ọ́n kọ kó tó dọjọ́ tẹ́ ẹ máa nílò nǹkan ní kíákíá, agbẹ́jọ́ẹnìkandá ni mo jẹ́ tí mi ò bá sọ pé bóyá ọ̀gá tiẹ̀ náà ló há a mọ́ra. Tó bá ṣì kọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, gbé e fún sájẹ́ǹtì ẹ, má fi ìbínú kọ ọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kó o fọwọ́ sí hẹlikọ́pítà tí pátì ẹ̀ ò tíì pé torí kí Air Force má bàa yọ̀ yín, má fọwọ́ sí i, ẹni yòówù kó pàṣẹ.

Tí pátì bá ti dé, fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, bó jẹ́ òru. Màmá ẹ ń kí ẹ.

Dádì ẹ